Blu-ray àbí HD DVD? Ìbéèrè tí Àǹtí mi bi ọmọ ṣọ́ọ̀bù ní Woolwich

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ètò wa ti ọ̀sẹ̀ yìí mọ̀ pé orí àwo fíìmù la ti sọ̀rọ̀. Mo ṣèlérí níbẹ̀ pé màá kọ ìtàn Àǹtí mi tó ń gbé ní Thamesmead sílẹ̀, torí pé àkókò ò gbà wá láti sọ ọ́ tán. Òun náà rèé. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Yorùbá, ẹ má jẹ́ kí gígùn rẹ̀ bà yín lẹ́rù, ẹ rọra máa kà á bọ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ni kí ẹ kọ́kọ́ dì mú. "Àwo" ni mo ń pe gbogbo ohun pẹlẹbẹ rìbìtì tí a ń fi orin tàbí fíìmù sí, ìbáà ṣe síídì, ìbáà ṣe DVD. "Ìtànṣán" sì ni ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde tààrà láti ibì kan, bíi ti oòrùn àárọ̀ tó gba ojú fèrèsé wọlé.

Oṣù Kejìlá ọdún 2007 ni. Àǹtí mi (ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n, ṣùgbọ́n nílé tiwa, Àǹtí ni Àǹtí ń jẹ́) ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó nígbà náà. Wọ́n ń dá àjọ pẹ̀lú àwọn méje mìíràn níbi iṣẹ́, oṣù yẹn ló sì kàn wọ́n láti kó. Wọ́n ti fi díẹ̀ nínú owó náà ra tẹlifíṣọ̀n tuntun, pẹlẹbẹ, ínǹṣì 32. Ó wá ku ẹ̀rọ tí yóò máa ka àwo fún un. Wọ́n pè mí lórí fóònù.

"Ìwọ tó o mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà, wá bá mi lọ sí Woolwich lọ́jọ́ Sátidé. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òyìnbó dídùn gbowó lọ́wọ́ mi o."

Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Àǹtí, mo ń bọ̀."

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì kéré nígbà náà lè má mọ̀ pé ìjà ńlá kan ń lọ lọ́wọ́. Tẹlifíṣọ̀n tuntun tó ń fi àwòrán mímọ́ gaara hàn ti dé, DVD kò sì lè gbé irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Ni ẹgbẹ́ méjì bá dìde. Toshiba àti àwọn tiẹ̀ gbé HD DVD jáde. Sony àti àwọn tiẹ̀ gbé Blu-ray jáde. Ọdún 2006 ni méjèèjì dé orí igbá. Ẹ̀rọ èyí kò lè ka àwo tọ̀hún. Àwọn àgbà rántí pé irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí láàárín kásẹ́ẹ̀tì Betamax àti VHS, àwọn tó sì ra Betamax mọ ohun tí ojú wọn rí.

A wọ bọ́ọ̀sì 472 láti Thamesmead, èmi, Àǹtí àti ọmọ wọn ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Powis Street kún fọ́fọ́, gbogbo èèyàn ló ń ra nǹkan Kérésì. Nínú ṣọ́ọ̀bù tí a wọ̀, wọ́n gbé ẹ̀rọ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì, fíìmù ń lọ lórí ìkọ̀ọ̀kan. Kí n má parọ́, mi ò rí ìyàtọ̀ nínú àwòrán wọn, mo sì ń wo nǹkan wọ̀nyí dáadáa.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ṣàlàyé pé HD DVD dínwó, wọ́n sì máa fi fíìmù mélòó kan kún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní ti fíìmù, ó kù sọ́wọ́ ohun tí a bá fẹ́ràn: Disney àti Sony wà lórí Blu-ray nìkan, Universal àti Paramount wà lórí HD DVD nìkan, Warner fi ẹsẹ̀ kan síbí, ó fi ẹsẹ̀ kan sọ́hùn-ún. Nígbà tó gbọ́ pé Thamesmead la ti wá, ó mú páálí A Clockwork Orange, fíìmù ọdún 1971 tí Stanley Kubrick ya apá kan rẹ̀ létí adágún omi Southmere. Fíìmù Warner ni, wọ́n sì ti gbé e jáde lórí àwo méjèèjì lọ́dún 2007 yẹn. Àǹtí wo ẹ̀yìn páálí náà. "Ṣé àwọn ilé wa yìí náà ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ fíìmù náà kì í ṣe irú èyí tí wọ́n máa fẹ́ wò. Wọ́n dá a padà fún un.

Ọmọ wọn ò yé fa aṣọ mi. "Uncle, ẹ sọ fún mọ́mì pé PS3 náà ń play Blu-ray." Òótọ́ ló sọ. PlayStation 3 dé UK ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 2007 ní £425. Kí Kérésì tó dé, èyí tó kéré díẹ̀ ti wà ní £299. Àmọ́ gbogbo wa mọ ìdí tó fi ń jà fún Blu-ray.

Àǹtí dákẹ́ títí wọ́n fi sọ tiwọn tán. Wọ́n wá ṣí báàgì, wọ́n yọ àwo kan tí wọ́n fi ańkárá wé, wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin náà, lédè Gẹ̀ẹ́sì: èyí ńkọ́, èwo nínú méjèèjì ló máa ka èyí?

Ó yí àwo náà síwá, ó yí i sẹ́yìn. Kò rí irú ẹ̀ rí. VCD ni.

Mo ní láti dúró díẹ̀ níbí. Àǹtí ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 2001. Ìyá wọn kú ní Ìjẹ̀bú-Igbó lọ́dún 2004, ìwé ìgbélùú wọn kò sì tíì jáde. Bí wọ́n bá lọ, wọn ò ní lè padà wọlé, ọmọ sì wà nílé ìwé. Wọn ò lọ. Àwọn ará ilé háyà ayàwòrán, ó gbé ìsìnkú náà sórí VCD méjì, apá kìíní àti apá kejì, ó fi máákà kọ orúkọ Màmá sára rẹ̀. Ẹnìkan tó ń bọ̀ ló bá wọn gbé e wá nínú ẹrù. Apá kejì ni Àǹtí gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà. Wọ́n sọ fún mi lédè Yorùbá, "Ẹ̀rọ tí mo bá máa fi owó àjọ mi rà, ó gbọ́dọ̀ fi ìyá mi hàn mí."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà, kí Ọlọ́run bù kún un, kò fi wá ṣẹ̀sín. Ó ki àwo náà bọ inú ẹ̀rọ Blu-ray. Ó yí, ó yí, ó ní òun ò mọ̀ ọ́n. Ó ki í bọ inú HD DVD. Bákan náà.

Kí ló fà á? Ó ṣe jẹ́ pé ẹ̀rọ olówó ńlá kò lè ṣe ohun tí ẹ̀rọ DVD yẹpẹrẹ láti ọjà ń ṣe?

Gbogbo àwo wọ̀nyí, láti orí síídì dé orí Blu-ray, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà ṣiṣẹ́. Àmì wẹ́wẹ́ bí ihò, tí ojú lásán ò lè rí, ló wà nínú wọn, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn lórí ìlà kan tó ń yí po bí ìkarahun ìgbín, láti àárín àwo lọ sí etí rẹ̀. Bí àwo ṣe ń yí ni ẹ̀rọ ń tan ìtànṣán lésà sórí ìlà náà. Ibi tí àmì wà kì í dá ìmọ́lẹ̀ padà bí ibi tí kò sí. Ìyàtọ̀ yẹn ni ẹ̀rọ ń kà, òun ló ń sọ di àwòrán àti ohùn.

Bí ẹ bá fẹ́ kí nǹkan púpọ̀ wọ inú àwo kan, àmì gbọ́dọ̀ kéré, ìlà sì gbọ́dọ̀ sún mọ́ra. Ẹ fi wé àgbẹ̀ tó ń kọ ebè. Oko ò fẹ̀ sí i, àmọ́ bí poro bá tín-ín-rín, ebè á pọ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ́ ńlá ò lè kọ ebè kékeré. Ìtànṣán ni ọkọ́ wa níbí, àwọ̀ rẹ̀ ló sì ń sọ bó ṣe tóbi tó. A ń wọ̀n ọ́n ní nánómítà: bí ẹ bá pín mílímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ìdá kan nínú rẹ̀ ni. Ìtànṣán síídì àti VCD jẹ́ 780, ó ti kọjá pupa tí ojú ènìyàn ń rí. Ti DVD jẹ́ 650, pupa gidi. Ti HD DVD àti Blu-ray jẹ́ 405, búlúù tó fẹ́ jọ àwọ̀ àlùkò. Ibẹ̀ ni Blu-ray ti gba orúkọ. Àlàfo láàárín ìlà kan sí èkejì jẹ́ 1,600 lórí síídì, 740 lórí DVD, 400 lórí HD DVD, 320 lórí Blu-ray.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ìtànṣán kan náà ni àwọn ọ̀tá méjèèjì ń lò. Ohun tó pín wọn níyà ni bí àmì ṣe jìn sínú tó. Lórí síídì, ike tí ìtànṣán ní láti là kọjá kó tó dé ibi àmì nípọn tó mílímítà 1.2. Lórí DVD, 0.6. HD DVD ò yí ìyẹn padà, kí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń tẹ DVD lè fi ẹ̀rọ wọn tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú àtúnṣe díẹ̀. Blu-ray ní tirẹ̀ gbé àmì wá sókè, 0.1 péré sí ojú àwo, kí lẹ́ńsì lè sún mọ́ ọn, kó sì tan ìmọ́lẹ̀ tó mú ṣáṣá. Ìdí nìyẹn tí ìpele kan Blu-ray fi gba gígábáìtì 25, tí ti HD DVD gba 15. Àmọ́ ohun tó wà létí awọ lèèyàn ń tètè ha. Àwọn tó ṣe é kọ́kọ́ fi àwo náà sínú páálí ike bí kásẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n tó rí ohun líle tí wọ́n lè fi kùn ún lójú.

Ẹ ti ń rí ibi tí mo ń lọ. Kí ẹ̀rọ tuntun kan tó lè ka gbogbo àwo inú ilé, ó nílò ìtànṣán mẹ́ta, 780, 650 àti 405. Àwọn kan tiẹ̀ fo ti àkọ́kọ́: ẹ̀rọ Blu-ray kan tí Sony tà, BDP-S1, kò lè ka síídì olórin lásán. Àwọn tó sì ní ìtànṣán náà, bíi PS3, ka síídì olórin, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kọ́ wọn ní èdè VCD. Ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, VCD ò fìgbà kan jẹ́ ohun tí wọ́n ń lò. Èèyàn kì í kọ́ èdè tí kò sí ẹni tó máa bá a sọ ọ́.

Nílé tiwa ńkọ́? Orí VHS ni Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ ti Túndé Kèlání dé pálọ̀ wa lọ́dún 1993, àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sì lè wo kásẹ́ẹ̀tì tó wá láti Èkó torí pé PAL ni Nàìjíríà àti UK ń lò. Àwọn ẹbí tó wà ní Houston ni ìyà jẹ, NTSC ni tiwọn. Lẹ́yìn náà ni VCD gba ìgboro. Philips, Sony, Matsushita àti JVC ló ṣètò rẹ̀ lọ́dún 1993. Síídì lásán ni, owó tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ ò tó nǹkan, kò sì ní òfin àgbègbè bíi DVD, tó fi UK sí àgbègbè 2, tó sì fi Nàìjíríà sí 5. Láti Ìdúmọ̀tà àti Alaba ló ti ń bọ̀, tí wọ́n ń tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ gàrí àti káàdì ìpè nínú ọjà Woolwich. Bíi ìṣẹ́jú 74 ni ẹyọ kan ń gbà, ìyẹn ló fi jẹ́ pé fíìmù wa kì í tán lórí ẹyọ kan.

Mo sọ fún wọn pé, "Àǹtí, ẹ má rà á. Ẹ jẹ́ ká dúró."

"Owó àjọ kì í dúró o. Bí ọṣẹ ló ń yọ́."

Ṣùgbọ́n wọ́n gbà. Ọmọkùnrin náà ò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé Thamesmead.

Nílé, a so ẹ̀rọ DVD àtijọ́ mọ́ tẹlifíṣọ̀n tuntun, a fi apá kìíní sí i. Ó yí, ó kà á. Àǹtí wò ó díẹ̀, wọ́n lejú. "Ìyá mi ò sanra báyìí rí." Òótọ́ ni: VCD fẹ̀ níwọ̀n tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, tuntun sì ti fà á gbòòrò kó lè kún ojú rẹ̀. Ọmọ wọn mú rìmóòtù, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, Màmá sì padà sí bí wọ́n ṣe rí. Àmọ́ kò sí rìmóòtù tó lè wo ìyókù sàn. Àwòrán VCD ní àmì 352 ní ìbú, 288 ní òró, bí 101,000 lápapọ̀. Àwòrán HD tó péye ní 1920 ní ìbú, 1080 ní òró, ó lé ní mílíọ̀nù méjì. Ìlọ́po ogún ni. Lórí tẹlifíṣọ̀n kékeré, ojú ò mọ̀. Lórí èyí tó tóbi, ṣe ló dà bí ẹni ń wo èèyàn láti ẹ̀yìn gíláàsì tí òjò pa.

Ìjà tọ̀hún kò pẹ́ mọ́. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kìíní ọdún 2008, Warner kéde pé Blu-ray nìkan làwọn máa bá lọ. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejì, Toshiba ní àwọn jáwọ́. Bùrọ̀dá kan nísàlẹ̀ ilé Àǹtí ti ra HD DVD ní Kérésì yẹn, àmọ́ ó ń bá a ka DVD, kò fi bẹ́ẹ̀ ráhùn. Èmi ò gbà pé HD DVD burú. Àwòrán rẹ̀ ò kéré, kò sì ní òfin àgbègbè rárá. Blu-ray ní A, B àti C, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lọ́tẹ̀ yìí wọ́n kó UK àti Nàìjíríà pọ̀ sí B. Nílé Àǹtí, ẹni tó borí ni ọmọkùnrin náà: wọ́n ra PS3 fún un lọ́jọ́ ìbí rẹ̀ lọ́dún 2008. Blu-ray gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ẹ̀rọ DVD àtijọ́ sì wà lábẹ́ rẹ̀ nítorí Màmá.

Lọ́dún 2015, Àǹtí tún pè mí. Apá kìíní ti ń há. Bó bá dé ibì kan, àwòrán á dúró, ẹ̀rọ á máa ṣe kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀, á wá pa ara rẹ̀.

Mo gbé láptọ́ọ̀pù lọ, pẹ̀lú ẹ̀rọ DVD kékeré tí a ń fi wáyà USB so mọ́ ọn. Irú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà yìí ní ìtànṣán 780, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ sì lè kọ́ èdè VCD. Bí ẹ bá ṣí VCD lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ó rí fódà tó ń jẹ́ MPEGAV. Fáìlì inú rẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ AVSEQ01.DAT, ni fíìmù gan-an. Ẹ dà á kọ, VLC á sì fi hàn yín. Apá kejì wọlé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Apá kìíní lọ dáadáa títí ó fi kù díẹ̀ kó tán, ló bá dúró.

Àárín ni àwo ti ń bẹ̀rẹ̀, etí ló ń parí sí. Etí yẹn náà ni ọwọ́ wa ń dì mú. Àwo tí ayàwòrán fi ẹ̀rọ kọ nílé kò sì dà bí èyí tí ilé iṣẹ́ tẹ̀: aró ni ìtànṣán ń jó kí àmì tó wà lára rẹ̀, oòrùn a sì máa pa aró. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni Àǹtí ń kó wọn sí. Ohun tó tún burú ni pé VCD ta ààbò rẹ̀ kó lè rí àyè. Síídì tí a fi kó ìwé kọ̀ǹpútà pa mọ́ ń kó báìtì 2,048 sínú ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó fi àyè tó kù ṣe àtúnṣe bí nǹkan bá bàjẹ́. VCD kó 2,324, ó fi àtúnṣe yẹn sílẹ̀. Ó dà bí awakọ̀ dáńfó tó yọ sípíà táyà kúrò kó lè gba èrò kan sí i.

Mo bi Àǹtí pé kí ló wà níparí apá kìíní. Wọ́n ní ibi sàréè ni. Àwọn ọmọ ń bu yẹ̀pẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin bu tiẹ̀ tán, ó tún bu òmíràn, ó sì dárúkọ Àǹtí, pé ti ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù nìyí.

Mo fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ fọ àwo náà, mo fi aṣọ rírọ̀ nù ún láti àárín lọ sí etí, tààrà. Ẹ má nù ún yípo o, torí bí ẹ bá ha á yípo, ẹ ó ha ìlà kan náà lọ gbọọrọ. Mo yá ẹ̀rọ mìíràn lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan ní Plumstead, torí ẹ̀rọ méjì kì í ríran bákan náà. Mo fi í sílẹ̀ di òwúrọ̀ kó máa gbìyànjú.

Ó dà á kọ tán, àmọ́ ìparí rẹ̀ ti fọ́. Àwòrán ibi sàréè di àpò-àpò aláwọ̀ eérú àti àwọ̀ ewé, èèyàn ò lè mọ ojú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ohùn wà. Nínú fíìmù irú èyí, àwòrán kan ń gbára lé èyí tó ṣáájú rẹ̀. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, tí ó tẹ̀lé e á bàjẹ́ títí àwòrán odindi mìíràn á fi dé. Ohùn ò rí bẹ́ẹ̀. Ègé kékeré-kékeré ni, ìkọ̀ọ̀kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá dúró, bí ọ̀kan bá sọnù, tó tẹ̀lé e á sọ̀rọ̀.

Àǹtí jókòó tì mí. A gbọ́ ṣọ́bìrì, a gbọ́ àlùfáà, a gbọ́ ẹni tó ń húkọ́. Ẹ̀gbọ́n wọn wá dárúkọ wọn, ó já díẹ̀ láàárín, ṣùgbọ́n ó yé.

"Dá a padà sẹ́yìn díẹ̀," ni wọ́n wí.

Mo dá a padà. Fáìlì náà ti wà níbi mẹ́ta báyìí: ọ̀kan nínú fláàṣì tí Àǹtí fi sínú wọ́dúróòbù, ọ̀kan lọ́wọ́ ọmọ wọn, ọ̀kan lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Àwo méjèèjì ṣì wà nínú ańkárá wọn, àmọ́ wọ́n ti kó wọn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.